Ẹ Bá Mi Dúpẹ́ Lọ́wọ́ Ẹni Tó Tú Àṣírí Kókó Èjìká Mi

Ẹ̀yin ará Kétu, ẹ̀yin tó wà ní Àjàṣẹ́ àti Ṣábẹ̀ẹ́, ẹ bá mi gbé Olúwa ga! Ikú tí ì bá pa mí, fìlà ló ṣí lórí mi.

Kókó kan ló yọ sí èjìká mi. Ó le, kò dùn mí. Wọ́n gé e, ó tún hù lójú àpá náà, ó sì tóbi ju ti àkọ́kọ́ lọ. Àwọn kan ní àpá lásán ni. Àwọn kan ní ayé ló ń ṣe mí. Èyí tó dùn mí jù ni pé ìyàwó mi a máa dìde lóru, a tan tọ́ọ̀ṣì sí ẹ̀yìn àwọn ọmọ wa, bóyá ó ti ń yọ lára tiwọn náà.

Ọlọ́run ló gbé dókítà kan dìde fún mi ní Kútọnu. Màmá náà ò tíì fẹ́ gbé ọ̀bẹ. Ó ní ká kọ́kọ́ mọ orúkọ ohun tí à ń bá jà. Wọ́n fi ìda di ègé ẹran tí wọ́n mú lára kókó náà, wọ́n fi í ránṣẹ́ sí ilẹ̀ Faransé. Nígbà tí èsì dé, ó fi àwòrán hàn mí: àmì pupa àti àmì aláwọ̀ ewé tí wọ́n fi dá jíìnì méjì mọ̀ (jíìnì ni àṣẹ tí ara ń tẹ̀ lé), tó yẹ kó jìnnà síra, wọ́n ti lẹ̀ mọ́ra nínú sẹ́ẹ̀lì, ìyẹn ẹyọ tíntìntín tí a fi mọ ara. Krómósómù 17 àti 22, ìyẹn méjì lára àwọn okùn tó gbé jíìnì dání, ló kán, tí wọ́n wá gbé ara wọn so, bẹ́ẹ̀ ni jíìnì tí wọ́n ń pè ní COL1A1 ṣe lẹ̀ mọ́ èyí tí wọ́n ń pè ní PDGFB. Iṣẹ́ télọ̀ ni mò ń ṣe, ó tètè yé mi: ó dà bí ìgbà tí èèyàn bá rán apá ẹ̀wù kan mọ́ ẹ̀wù mìíràn. COL1A1 kì í sinmi, PDGFB tó lẹ̀ mọ́ ọn náà ò wá sinmi mọ́, ó ń pàṣẹ kí sẹ́ẹ̀lì máa pọ̀ ṣáá. Àmì yẹn ló fi hàn pé dermatofibrosarcoma protuberans ni, jẹjẹrẹ abẹ́ awọ tí kì í sábà tàn dé ibòmíràn nínú ara, àmọ́ tó máa ń ta gbòǹgbò yíká. Bí wọn ò bá gé e fẹ̀, yóò padà wá.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ èyí dáadáa, òun ló mú ìyàwó mi sunkún ayọ̀: ìsopọ̀ jíìnì yìí kì í ṣe àjogúnbá. Inú kókó náà ló ti ṣẹlẹ̀. N kò gbà á lọ́wọ́ bàbá mi, n kò sì fún ọmọ kankan.

Àmì yẹn náà ló júwe oògùn: imatinib, tí wọ́n kọ́kọ́ ń lò fún jẹjẹrẹ inú ẹ̀jẹ̀, tí Amẹ́ríkà fọwọ́ sí fún irú tèmi ní 2006. Bí àmì náà ò bá sí nínú kókó, oògùn yìí kì í sábà ṣiṣẹ́, ìdí nìyẹn tí dókítà ò fi jẹ́ kí a ná owó ẹbí kí èsì tó dé. Bí mo ṣe ń lò ó, ojú mi wú, èébì ń gbé mi, ṣùgbọ́n kókó náà súnkì. Wọ́n wá gé e fẹ̀ dáadáa, etí ẹran tí wọ́n gé sì mọ́, kò sí jẹjẹrẹ níbẹ̀.

Ọlọ́run á san án fún dókítà mi, fún ẹgbẹ́ télọ̀ tó dáwó, fún awakọ̀ tó ń gbé mi lọ sí Kútọnu tí kò gba sẹ́fà kan. Mo ṣì ń lọ fara hàn nílé ìwòsàn. Ọjọ́ Àìkú tó ń bọ̀ ni ìdúpẹ́ wa, aṣọ ẹbí sì ti délẹ̀, èmi fúnra mi ni mo rán gbogbo rẹ̀. Ẹ wá bá wa jó!