Ohun tí Ojú Mi Rí Lọ́wọ́ Bùlọ́ọ̀kù Oníwèé

Ẹ̀yin àbúrò mi tí ẹ ń kọ́ṣẹ́ ilé kíkọ́, ẹ̀yin tí ẹ ń bi mí pé ọ̀dà wo ló lè dá omi dúró lára bùlọ́ọ̀kù tí a fi ìwé àti símẹ́ǹtì pò, mo mọ ohun tó gbé yín débẹ̀. Símẹ́ǹtì ti wọ́n, bẹ́ẹ̀ ẹ̀yìn ilé wa ní Ṣàgámù ni wọ́n ti ń ṣe é. Ilẹ̀ wa náà ni wọ́n kọ́ ilé iṣẹ́ ìwé sí, ní Ìwòpin létí ọ̀sà. Ó yẹ kí ìwé àti símẹ́ǹtì jọ gbé lọ́dọ̀ wa dáadáa. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó náwó lórí rọ́bà ọ̀dà kan, ẹ jẹ́ kí n sọ ti yàrá tí mo kọ́ sí ẹ̀yìnkùlé Ìyá Òdogbolú, ìyàwó ẹ̀gbọ́n bàbá mi.

Ìwé ìdánwò àtijọ́ àti páálí la lò. A rẹ wọ́n sómi mọ́jú, a gún wọn lódó, a wá pò wọ́n mọ́ símẹ́ǹtì àti yanrìn díẹ̀ títí tó fi rí bí ìkọ́kọrẹ́ tó ki. Níbi tí ọmọ odó ò dé, ẹ ó rí yíǹkì pupa lára bùlọ́ọ̀kù: ọ̀kan wà tó gbé 35 kọ́rùn gedegbe, àṣírí ọmọ ọlọ́mọ. Wọ́n fúyẹ́, ayùn lásán ń gé wọn. Inú mi dùn bí ẹni pé èmi ni mo kọ́kọ́ ronú kàn án.

Oṣù Karùn-ún la parí ògiri, òjò sì ti ń fẹjú mọ́ wa. Ìbẹ̀rù òjò yẹn ló kó mi sí wàhálà. Bùlọ́ọ̀kù ò tíì pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Mo fọwọ́ pa á, ó ṣe bí ẹni pé ó gbẹ, ni mo bá ra gílọ́ọ̀sì, ọ̀dà olóròóró, mo kùn ún nínú, mo kùn ún lóde, lẹ́ẹ̀mejì-mejì. Ògiri ń dán bíi dígí. Ìyá Òdogbolú pe àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ wá wò ó.

Kò ju oṣù méjì lọ tí ọ̀dà fi wú káàkiri bí ojú ẹni tí agbọ́n ta. Mo fi àtàǹpàkò tẹ ọ̀kan, ó bẹ́, omi sì ṣàn dé ọrùn ọwọ́ mi, omi tó rí bíi tíì, tó ń rùn bíi páálí tó sùn sójò. Abẹ́ ọ̀dà náà ń yọ̀ tẹrẹ́. Bàbá bíríkìlà kan tó ń kọjá lọ yà wò ó, ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. Ó ní, “Ọ̀gá kékeré, ẹ ti tilẹ̀kùn mọ́ olè sínú ilé.” Kò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ, ó gbé ẹ̀rù rẹ̀ ó lọ.

Ikú ilé ló pa ògiri mi, tòde ò tíì dé rárá. Ìwé tó wà nínú bùlọ́ọ̀kù náà ń mu omi bí gàrí ṣe ń mu ún, omi tí a fi pò ó kì í sì í tètè jáde. Ọjọ́ 28 tí wọ́n kọ́ wa nílé ìwé, ti líle símẹ́ǹtì ni, kì í ṣe ti gbígbẹ ìwé. Ojú bùlọ́ọ̀kù lè gbẹ kí ikùn rẹ̀ ṣì tutù fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀. Oòrùn á máa fa omi yẹn bọ̀ síta, á bá ọ̀dà lẹ́nu ọ̀nà, á sì gbé e kúrò.

Ti yíyọ̀ abẹ́ ọ̀dà ńkọ́? Ọṣẹ ni, mi ò ṣe àwàdà. Ẹ mọ bí àwọn ìyá wa ṣe ń ṣe ọṣẹ dúdú: omi eérú pàdé àdín lórí iná. Oró tó wà nínú omi eérú yẹn, irú rẹ̀ wà nínú símẹ́ǹtì tómi ò tíì kúrò lára rẹ̀, òróró sì wà nínú gílọ́ọ̀sì. Mo fowó ara mi ra ọ̀dà, mo fi se ọṣẹ sára ògiri.

A ha gbogbo rẹ̀ kúrò, a fi ògiri sílẹ̀ lábẹ́ páànù títí ọyẹ́ fi dé. Láti ìgbà náà, lẹ́yìn ìgbà òjò ni mo ń ṣe bùlọ́ọ̀kù. Mo máa ń fi àmì sára mẹ́ta nínú wọn, mo ń wọ̀n wọ́n lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ lórí òṣùwọ̀n aláta. Ọjọ́ tí ìwọ̀n wọn kò bá dín mọ́ ni mo tó gbà pé wọ́n gbẹ. Tí ògiri bá ti dúró, ó ku ti náílọ́ọ̀nù. Mo ń gé e kó fẹ̀ tó ìwé ìròyìn tí a ṣí sílẹ̀, mo fi sẹ́lótéépù lẹ etí rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin mọ́ ògiri lálẹ́. Bí ilẹ̀ bá mọ́ tí mo rí ìrì nínú náílọ́ọ̀nù, mo gbé búrọ́ọ̀ṣì padà sílé. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni mo gbé e padà nílé kan ní Ìkẹ́nnẹ́. Onílé ń kùn, mo ń bẹ̀ ẹ́.

Ọ̀dà ara rẹ̀ kò lọ́rọ̀ púpọ̀ nínú. Lóde, mo ń rẹ́ ògiri ní símẹ́ǹtì kan sí yanrìn mẹ́fà. Èyí tó bá le jù á sán lára bùlọ́ọ̀kù tó rọ̀. Nígbà tó bá gbẹ, mo kun ọ̀dà olómi tó máa ń nà bíi rọ́bà, kó lè bo ojú sísán tín-ín-rín. Silicone tó rí bí omi, tí ògiri ń mu, dára ní tirẹ̀: ó ń lé òjò, ó sì ń jẹ́ kí ooru omi jáde, ṣùgbọ́n kò lè dí ojú sísán kankan. Nínú ilé, ọ̀dà olómi lásán ni, kí ògiri lè máa mí síbì kan. Ẹ má ṣe kùn ún pa níhà méjèèjì bíi tèmi. Kóótà, ọ̀dà dúdú tó ki yẹn, ìpìlẹ̀ ni mo fi mọ sí. Tí ẹ bá kùn ún sára ògiri, á máa yọ dúdú gba inú ọ̀dà tí ẹ bá kùn lé e.

Bùlọ́ọ̀kù oníwèé kò sì gbọdọ̀ fara kan ilẹ̀. Ìlà mẹ́ta bùlọ́ọ̀kù oníyanrìn ni mo kọ́kọ́ ń tò, mo tẹ́ náílọ́ọ̀nù tó nípọn lé e kí tìwé tó bẹ̀rẹ̀, mo sì ń jẹ́ kí páànù yọ síta dáadáa kí ọ̀ṣọ̀rọ̀ má bàa ta sí ẹsẹ̀ ògiri. Ibi tó bá ń tutù, ikán kì í pẹ́ mọ ọ̀nà ibẹ̀.

Lọ́dún tó kọjá, ẹnìkan láti Ìjẹ̀bú-Igbó pè mí pé kí n fi ìwé mọ ọgbà yí ilẹ̀ òun ká, òun á ra ọ̀dà tó bá wọ́n jù. Mo bi í bóyá á kan páànù lé ọgbà náà lórí. Ó ní ta ló ń kan páànù sórí ọgbà. Mo ní kó ra bùlọ́ọ̀kù oníyanrìn.