Gbèsè owó orí nílé àti ní Amẹ́ríkà: ẹ ka ọjọ́ kí ẹ tó padà sí kóòtù

Nílé, gbèsè ní ojú. Ẹni tó yá yín lówó mọ ilé yín, ó mọ onídùúró yín, ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù sì lè yọ tiwọn lára owó oṣù kó tó dé ọwọ́ yín. Láyé àtijọ́, ológò á wá dógò ti onígbèsè lẹ́nu ọ̀nà. Lónìí, áàpù sogúndogójì ló ń fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sí gbogbo ẹni tí nọ́ńbà rẹ̀ wà nínú fóònù. Ẹ̀bẹ̀ náà ló sì ń parí rẹ̀: àgbà kan á bá wọn dá sí i, wọn á pín owó náà sí oṣù mẹ́fà. Òfin bankruptcy, ìyẹn òfin ẹni tó wọko gbèsè tí kò lè san án mọ́, wà ní Nàìjíríà, Federal High Court ló ń gbọ́ ọ, ṣùgbọ́n ta ló ń lò ó? Ọ̀rọ̀ ìbò la fi mọ̀ ọ́n jù, torí òfin ìpìlẹ̀ ọdún 1999 kò gbà kí ẹni tí kóòtù kéde pé ó ti wọko gbèsè, tí wọn ò tíì tú sílẹ̀, du ipò ààrẹ tàbí gómìnà.

Ní Amẹ́ríkà, ẹ̀bẹ̀ àgbà kò wọ ibẹ̀. Déètì ni wọ́n ń wò.

Orí owó orí ni ọ̀pọ̀ nínú wa ti ń ṣubú. Nílé, agbanisíṣẹ́ ló ń yọ PAYE, òṣìṣẹ́ kì í sábà fọwọ́ kan fọ́ọ̀mù kankan. Níbí, nọ́ọ̀sì ejẹ́ńsì tàbí awakọ̀ Uber tó ń gba 1099, ìyẹn fọ́ọ̀mù ẹni tó ń dá ṣiṣẹ́ fúnra rẹ̀, kò ní ẹni tó ń bá a yọ nǹkan kan. Òun fúnra rẹ̀ ni yóò san 15.3% fún Social Security (owó ìfẹ̀yìntì) àti Medicare (ìtọ́jú ìlera àgbàlagbà), kí owó orí gan-an tó dé. Nígbà tí oṣù kẹrin bá dé tí owó ò sí, yóò dákẹ́, yóò ní kí wọ́n pe òun ná. Ìdákẹ́ yẹn ló ń ba gbogbo rẹ̀ jẹ́. Ìjìyà àìfáìlì, ìyẹn àìfi fọ́ọ̀mù owó orí sílẹ̀, jẹ́ 5% lóṣù títí dé 25%. Ti àìsan jẹ́ 0.5% péré lóṣù. Ẹ fáìlì, bí kọ́bọ̀ kan ò tiẹ̀ sí lọ́wọ́.

Kóòtù bankruptcy lè pa gbèsè owó orí lórí owó tó wọlé fúnni rẹ́, bí gbèdéke mẹ́ta bá ti pé kí ẹ tó lọ síbẹ̀. Ọjọ́ tó yẹ kí ẹ fáìlì gbọ́dọ̀ ti kọjá ọdún mẹ́ta; ọjọ́ tí ẹ fáìlì gan-an, ọdún méjì; ọjọ́ tí IRS, iléeṣẹ́ owó orí ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà, kọ gbèsè náà sílẹ̀ sí yín lọ́rùn, ọjọ́ 240. Kò sì gbọdọ̀ sí jìbìtì níbẹ̀. Ẹ wo owó orí ọdún 2021. Ọjọ́ 18 oṣù kẹrin 2022 ni gbèdéke rẹ̀, nítorí náà ọdún mẹ́ta pé ní 18 oṣù kẹrin 2025. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ti gba àfikún àkókò, 17 oṣù kẹwàá 2022 ni ẹ ó ti máa kà, kódà bó jẹ́ oṣù karùn-ún lẹ fi fọ́ọ̀mù sílẹ̀. Ẹni tó gba àfikún, tó wá sáré lọ sí kóòtù ní oṣù kẹfà 2025, gbèsè yẹn á bá a jáde.

Àwọn ará wa ní Houston, ẹ fetí sí èyí dáadáa: ní Texas, Louisiana àti Mississippi, fọ́ọ̀mù tó pẹ́ ní ọjọ́ kan ṣoṣo lè mú kí gbèsè ọdún yẹn má ṣeé pa rẹ́ láé. Bó sì jẹ́ IRS ló bá yín ṣe fọ́ọ̀mù láìsí ìfọwọ́sí yín, kò sí ibì kan tí wọ́n ti ń kà á sí tiyín. Owó orí tí ẹ yọ lára owó oṣù òṣìṣẹ́ yín tí ẹ kò fi ránṣẹ́ kì í kúrò lọ́rùn yín rárá.

Tó bá jẹ́ ẹ̀ẹ̀kejì tí ẹ fẹ́ kí kóòtù pa gbèsè yín rẹ́ ńkọ́? Chapter 7 ló ń pa gbèsè rẹ́ lẹ́ẹ̀kan; Chapter 13 ni ti sísan díẹ̀díẹ̀. Iye ọdún tó gbọ́dọ̀ wà láàárín wọn nìyí. Láti Chapter 7 sí Chapter 7, ọdún mẹ́jọ. Láti 7 sí 13, mẹ́rin. Láti 13 sí 13, méjì. Láti 13 sí 7, mẹ́fà, àyàfi bí ẹ bá san gbogbo gbèsè tàbí ó kéré tán 70% tọkàntọkàn. Láti ọjọ́ tí ẹ gbé ẹjọ́ àkọ́kọ́ lọ sí kóòtù sí ọjọ́ tí ẹ gbé èkejì lọ ni. Ẹ má kà á láti ọjọ́ tí wọ́n dárí gbèsè jì yín. Bí kóòtù bá ti da ẹjọ́ yín nù láàárín ọdún kan sẹ́yìn, ààbò tó ń dá àwọn tí ẹ jẹ lówó dúró kò ní ju ọjọ́ 30 lọ, àfi tí lọ́yà bá gba àfikún lọ́wọ́ kóòtù kó tó pé. Bó bá jẹ́ ẹjọ́ méjì ni wọ́n dà nù, ààbò ò sí rárá títí ẹ ó fi bẹ kóòtù.

Ìfáìlì àkọ́kọ́ ní kóòtù tún ń dá aago owó orí dúró. Chapter 13 tó gbé oṣù méje kí wọ́n tó dà á nù, oṣù méje yẹn pẹ̀lú ọjọ́ 90 kò sí nínú ọdún mẹ́ta yín. Nítorí náà, ẹ gba account transcript (àkọsílẹ̀ owó orí yín) ti ọdún kọ̀ọ̀kan lórí ìkànnì IRS kí ẹ tó san $338 ti Chapter 7. Ẹ wo ìlà kóòdù 150, ibẹ̀ ni ọjọ́ tí wọ́n kọ gbèsè sílẹ̀ wà. Kóòdù 520 sábà máa ń fi ìfáìlì àtijọ́ ní kóòtù hàn. Lien, ìyẹn ẹ̀tọ́ lórí ilé nítorí gbèsè, tí IRS ti fi lé ilé yín ṣáájú kò ní kúrò lórí ilé náà, bí gbèsè tilẹ̀ kúrò lọ́rùn yín.

Bí ọjọ́ ò bá tíì pé, ẹ dúró bí ẹ bá lè dúró. Bí wọ́n bá ti ń gé owó oṣù yín, Chapter 13 yóò jẹ́ kí ẹ fi ọdún mẹ́ta sí márùn-ún san owó orí tí kò ṣeé pa rẹ́, díẹ̀díẹ̀, nípasẹ̀ trustee (ẹni tí wọ́n yàn láti gba owó náà kó sì pín in), bí fọ́ọ̀mù ọdún mẹ́rin tó kẹ́yìn bá ti wọlé.