Mustang tó wà lẹ́yìn alùpùpù

Odidi ọdún kan ni mo fi pe fọ́tò kan ní ti 1948, mo tún fi ń yangàn.

Alùpùpù Harley-Davidson ni, chopper gidi, ìyẹn alùpùpù tí wọ́n gé, tí wọ́n sì tún tò bó ṣe wù wọ́n. Kò ní mọ́gáàdì níwájú, wọ́n gé ti ẹ̀yìn ku ìdajì, ọwọ́ rẹ̀ sì nà sókè bí ẹni tí ọlọ́pàá nàbọn sí. Orí ẹ́ńjìnnì ni mo kọ́kọ́ wò. Ìdérí rẹ̀ dà bí àwo tí wọ́n dojú rẹ̀ dé, ìyẹn ni wọ́n fi ń pè é ní Panhead. 1948 ni irú rẹ̀ kọ́kọ́ jáde. Fọ́ọ̀kì iwájú, ìyẹn apá méjì tó di táyà iwájú mú, jẹ́ ti sípíríǹgì, bẹ́ẹ̀ 1949 ni Harley bẹ̀rẹ̀ sí í fi fọ́ọ̀kì olómi-epo rọ́pò rẹ̀. Ọdún kan ṣoṣo ni àwọn méjèèjì fi pàdé. Ó tán!

Kò tán o. Lọ́jọ́ tí mo sọ fọ́tò náà di ńlá, mo rí imú mọ́tò kan ní igun, ẹṣin tó ń sáré wà lára rẹ̀. Ford Mustang. 1964 ni mọ́tò yẹn dé ọjà.

Mo ti gbàgbé pé kàlẹ́ńdà ilé iṣẹ́ kò kan àwọn tó ń ṣe chopper. Wọn a yọ fọ́ọ̀kì tuntun dànù, wọn a fi ti sípíríǹgì àtijọ́ sí i, nítorí pé ó tẹ́ẹ́rẹ́, ó sì ṣeé fà gùn.

Ibi tí mo ti ń pẹ́ jù nínú fọ́tò báyìí ni ọrùn férémù, níbi tí fọ́ọ̀kì ti wọnú egungun alùpùpù. Tí èèyàn bá kàn fa fọ́ọ̀kì gùn lásán, iwájú alùpùpù á gbé sókè. Kó tó lè tẹ́jú padà, wẹ́dà ní láti gé ọrùn yẹn, kó dà á sẹ́yìn, kó sì tún un jó. Táyà iwájú á wá jìnnà réré. Lójú ọ̀nà gbọọrọ, ó dúró ṣinṣin. Tó bá ń rọra lọ tó fẹ́ yà, ọwọ́ á wúwo, táyà á sì fẹ́ wó sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ojú ibi tí wẹ́dà jó yẹn ni mo máa ń wá nínú fọ́tò. Àwọn kan fi fáìlì ha á títí tó fi jọ̀lọ̀. Àwọn mìíràn fi í sílẹ̀ bí àpá ọgbẹ́. Ẹni kan ló ṣe ìpinnu yẹn, ó sì ní orúkọ.

Orúkọ ló ṣòro. Ẹ wo alùpùpù tí wọ́n kun àsíá Amẹ́ríkà sí táǹkì rẹ̀ nínú fíìmù Easy Rider, 1969. Ta ni kò mọ òṣèré Peter Fonda lórí rẹ̀? Ṣùgbọ́n Clifford Vaughs àti Ben Hardy, aláwọ̀ dúdú méjì ní Los Angeles, tí iṣẹ́ náà ti ọwọ́ wọn jáde, láti ara Harley àlòkù àwọn ọlọ́pàá, fíìmù náà kò kọ orúkọ wọn. Hardy kú ní 1994, kí òkìkí iṣẹ́ náà tó kàn án dáadáa. Inú máa ń bí mi sí i.

Ìlà mẹ́ta ni mo ń fà sábẹ́ fọ́tò kọ̀ọ̀kan báyìí: ẹ́ńjìnnì, férémù, ọwọ́ ta ni. Mo ti pa 1948 rẹ́ lábẹ́ fọ́tò onímustang yẹn. Ìlà kẹta rẹ̀ ṣì ṣófo.