Àwòrán Ìlẹ̀kẹ̀ Tí Wọ́n Fẹ́ Tà fún Mi ní Òṣogbo

Ó ti pẹ́ tí mo ti ń wá àwòrán onílẹ̀kẹ̀ tí n ó fi kọ́ sí ara ògiri pálọ̀ mi, ìdí nìyẹn tí mo fi wọ ọkọ̀ láti Ìbàdàn lọ sí Òṣogbo ní Sátidé tó kọjá.

Ìsọ̀ àkọ́kọ́ tí mo yà sí ni ó bí mi nínú. Ọkùnrin tí ó ń tajà níbẹ̀ gbé àwòrán kan jáde, ó ní Jimoh Buraimoh fúnra rẹ̀ ni ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe é, ó sì pè é ní ₦180,000. Buraimoh yìí ni ó ń mójú tó iná orí ìtàgé fún ẹgbẹ́ òṣèré Dúró Ládípọ̀ kí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ iṣẹ́ ọnà tí àwọn òyìnbó méjì, Ulli àti Georgina Beier, ṣe ní Òṣogbo ní àwọn ọdún 1960 tó sọ ọ́ di ayàwòrán, ìlẹ̀kẹ̀ tí ó ń tò mọ́ ojú pátákó ni ó sì fi di ìlú mọ̀ọ́ká. Mo fi èékánná ha etí àwòrán náà díẹ̀, ẹyọ ìlẹ̀kẹ̀ mẹ́ta já bọ́ sí àtẹ́lẹwọ́ mi pẹ̀lú gọ́ọ̀mù tí kò tíì gbẹ. Ọkùnrin náà ní oòrùn ni ó yọ́ ọ. Oòrùn wo ni ó ráyè wọ inú ìsọ̀ tí wọ́n ń tan gílóòbù sí ní ọ̀sán gangan? Wọ́n tilẹ̀ ṣi orúkọ ayàwòrán náà kọ. Kí n tó dé ẹnu ọ̀nà, ó ti já a sí ₦60,000, ó tún já a sí ₦25,000, bẹ́ẹ̀ ni owó ọjà náà ń já bọ́ bí ìlẹ̀kẹ̀ ara rẹ̀. Bí òǹtajà kan bá ní kí ẹ má fi ọwọ́ kan àwòrán onílẹ̀kẹ̀, ẹ tètè máa lọ.

Ìbínú náà ni mo gbé dé Igbó Ọ̀ṣun, tí UNESCO kà mọ́ ogún àgbáyé ní 2005. Níbẹ̀ ni Susanne Wenger, Àdùnní Olórìṣà, ẹni tí a bí ní Austria tí ó sì kú sí Òṣogbo ní 2009, ti bá Adebisi Akanji àti àwọn mìíràn ṣiṣẹ́ ọnà. Bíríkìlà ni Akanji tẹ́lẹ̀, gẹ́gẹ́ bí Asiru Olatunde ṣe jẹ́ alágbẹ̀dẹ kí ó tó máa fi irin pẹlẹbẹ ṣe àwòrán. Mo dúró pẹ́ níwájú ògiri kan tí òjò ti sọ sìmẹ́ǹtì rẹ̀ di dúdú, tí ojú ipa ìka ẹni tí ó mọ ọ́n ṣì hàn lára rẹ̀, ọkàn mi sì rọ̀.

Ní àbọ̀, mo bá arábìnrin kan tí ó ń sin ìlẹ̀kẹ̀ sínú òwú kí ó tó lẹ̀ ẹ́ mọ́ pátákó. Ó pe èyí tí ó kéré ní ₦15,000. Bí ó ti rí i tí mo ń wo etí rẹ̀, ó rẹ́rìn-ín: “Ẹ̀gbọ́n, ẹ ha á bí ó bá ṣe wù yín.” Mo ha á títí èékánná mi fi sán, ẹyọ kan kò mira. Mi ò ná an rárá.

Awakọ̀ tí ó gbé mi padà fẹ́ gba owó ẹrù lórí rẹ̀. Orí itan mi ni mo gbé e lé títí a fi dé Ìbàdàn.