Ẹ wọ̀n àyè inú tọ́pù sílíńdà kí ẹ tó fá a

Peugeot 504 tí bàbá mi fi sílẹ̀ fún mi ni mo fi kọ́ ẹ̀kọ́ yìí, owó ńlá ló sì ná mi. Mo fẹ́ kó máa gun òkè Mọ́kọ́lá ní Ìbàdàn láì mí hẹlẹhẹlẹ. Ohun tí mo ń gbọ́ lẹ́nu àwọn ọ̀rẹ́ mi ni pé kí n ṣáà jẹ́ kí kọ̀mpírẹ́ṣọ̀n rẹ̀ pọ̀, ìyẹn bí písítìn ṣe ń fún epo àti afẹ́fẹ́ pọ̀ tó. Mo lọ sí Àgọ́dì Gate, mo ra písítìn tí orí rẹ̀ yọ gọngọ sókè. Mo ní kí wọ́n fá ojú tọ́pù, irin tó bo orí sílíńdà, mo wá gásíkẹ́ẹ̀tì abẹ́ rẹ̀ tó tinrin, mo sì tún ki fáàfù, ilẹ̀kùn afẹ́fẹ́ àti èéfín, tó fẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ bọ̀ ọ́.

Yàtọ̀ sí fáàfù, ohun kan náà ni gbogbo àwọn yòókù ń ṣe: wọ́n ń jẹ àyè tó ṣẹ́kù lókè písítìn nígbà tó bá gòkè tán. Lójú mi, díẹ̀díẹ̀ ni ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Mi ò ro wọ́n pọ̀.

Ọjọ́ kẹta tí a dè é tán, mo wà lórí òkè náà nínú jíà kẹrin, ni mo bá gbọ́ ariwo kan bí ìgbà tí ọmọdé ń mi òkúta wẹ́wẹ́ nínú agolo mílíìkì. Kì í ṣe èyí tí a máa ń sọ níbí pé ẹ́ńjìnì ti nọ́ọ̀kì o. Bíárìn ló máa ń fa ìyẹn, ohùn rẹ̀ wúwo. Èyí ń dún ṣẹ́kẹ́ṣẹ́kẹ́, bí mo bá sì ti gbẹ́sẹ̀ kúrò lórí iná, á dákẹ́. Nígbà tí epo àti afẹ́fẹ́ bá fún pọ̀ jù, wọ́n á gbóná débi pé bí pọ́lọ́ọ̀gì bá ṣáná tán, èyí tó kù ní ẹ̀gbẹ́ á bú gbàmù fúnra rẹ̀ kí iná tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Bí ẹni fi òòlù lu orí písítìn ni. Ẹ́ńjìnì tó fún tó bẹ́ẹ̀ ń fẹ́ epo tó lè fara da á, epo kan náà sì ni gbogbo wa ń rà ní ilé epo.

Mo fa táímínì sẹ́yìn, kí pọ́lọ́ọ̀gì lè máa pẹ́ díẹ̀ kó tó ṣáná. Ariwo rọlẹ̀, ṣùgbọ́n agbára tí mo torí rẹ̀ náwó lọ, omi rédíétọ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í hó nínú gosiló Ìwó Road. Kò pé ọ̀sẹ̀ méjì tí èéfín búlúù fi bò mí mọ́lẹ̀ ní ọ̀nà Ọ̀yọ́, nígbà tí mo kọjá Mọ́níyà.

Ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ ló tú u. Etí písítìn kẹta, láàárín ríìngì àkọ́kọ́ àti ìkejì, ti já. Ó gbé pọ́lọ́ọ̀gì rẹ̀ sí oòrùn kí n wò ó: ara tánganran funfun yẹn kún fún èérún kéékèèké tó ń dán, kò ju hóró iyanrìn lọ. Álúmíníọ̀mù písítìn mi ni.

Kò bú mi. Ó ní, "Mílílítà mélòó ló kù lókè písítìn yìí?"

Mo ní, "Ẹ má bínú, sà, mi ò wọ̀n ọ́n."

"Lọ ra sírínjì ní kẹ́míìsì."

A da ojú tọ́pù dé òkè, fáàfù àti pọ́lọ́ọ̀gì wà nínú rẹ̀. A fi gíríìsì yí etí ihò tí epo ti ń jó ká, a gbé ike tó mọ́ gaara lé e, a lu ihò kékeré sí ike náà, a sì ń fi sírínjì rọ kẹrosíìnì síbẹ̀, à ń kà á. A ṣírò àyè inú gásíkẹ́ẹ̀tì mọ́ ọn, a sì yọ ìwọ̀n tí orí písítìn gbà kúrò. Ẹ́ńjìnì 504 tèmi jẹ́ 1971 cc. Ẹnu sílíńdà rẹ̀ jẹ́ mílímítà 88, písítìn ń rin mílímítà 81. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ń gbá nǹkan bíi mílílítà 492. Kí n tó fọwọ́ kàn án, mílílítà 67 ló wà lókè. Ẹ ro 492 mọ́ 67, kí ẹ fi 67 pín in: ó lé ní 8 díẹ̀, kọ̀mpírẹ́ṣọ̀n rẹ̀ nìyẹn. Fífá tí a fá a ní mílímítà kan àbọ̀ gba 9, orí písítìn gba 6, gásíkẹ́ẹ̀tì gba 2. Ó wá ku 50. Ẹ ṣe ìṣírò kan náà, ẹ ó rí i pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 11.

Fáàfù ńlá yẹn la jẹ́ kó wà níbẹ̀, nítorí ó ń jẹ́ kí ẹ́ńjìnì mí dáadáa láì jẹ àyè kankan. A dá písítìn olórí pẹrẹsẹ padà, a dá gásíkẹ́ẹ̀tì tó nípọn padà. Irin tí a ti fá kò ṣeé lẹ̀ padà, nítorí náà a gbẹ́ ẹ̀gbẹ́ ihò náà lára ibi tó sún mọ́ fáàfù jù. Afẹ́fẹ́ túbọ̀ ráyè wọlé, a sì rí mílílítà 4 gbà padà. Àyè náà di 62, ìṣírò rẹ̀ kò pé 9. Jíà kẹrin ni mo fi ń gun Mọ́kọ́lá báyìí, kẹ́kẹ́ pa.

Ohun kan tún wà tí mi ò ṣe nígbà àkọ́kọ́. Bí ẹ bá fá tọ́pù, fáàfù á sún mọ́ písítìn. Kí a lè mọ àyè tó wà láàárín wọn, ọ̀gá mi lẹ amọ̀ tí àwọn ọmọ fi ń ṣeré mọ́ orí písítìn, ó fi epo pa á, ó gbé tọ́pù lé e, a sì fi ọwọ́ yí ẹ́ńjìnì lẹ́ẹ̀mejì. Nígbà tí a ṣí i, ó fi abẹ gé amọ̀ náà ní ibi tí fáàfù ti tẹ̀ ẹ́ jù. Ó ní sísanra amọ̀ náà níbẹ̀ kò gbọdọ̀ dín ní mílímítà méjì ní ọ̀nà tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé, àti méjì àbọ̀ ní ọ̀nà èéfín, torí pé ti èéfín ló máa ń gbóná jù. Tiwa lé ní mẹ́ta níbi méjèèjì. Ó na sípánà sí mi, ó ní, "Ó yá, máa dè é."