Ta ló já okùn? Timeout lórí skíríptì MySQL tó ń pẹ́

Bí timeout (kí iṣẹ́ já nítorí pé àsìkò tí wọ́n fún un ti pé) bá ti yọjú lórí MySQL, ètò tó ń tọ́jú dátà sínú tábìlì, nọ́ńbà tí wọ́n máa fi kún ni ọ̀pọ̀ èèyàn kọ́kọ́ ń wá. Ẹ ní sùúrù. Ẹ kọ́kọ́ ka iye ìṣẹ́jú àáyá tí iṣẹ́ náà lò kó tó kú, torí pé iye yẹn ló sábà máa ń tú àṣírí ẹni tó pa á.

Bó bá kú ní 30, tí Workbench (ètò tí a fi ń lo MySQL láti orí kọ̀ǹpútà wa) sì kọ Error 2013 (ìsopọ̀ ti já), Workbench fúnra rẹ̀ ni kò lè dúró mọ́. Ẹ lọ sí Preferences, SQL Editor, kí ẹ fi kún DBMS connection read timeout. Bó bá jẹ́ 60, tí ẹ rí 504 (ìdáhùn pẹ́ jù) nínú bráúsà, ẹ bi nginx, ètò tó ń gba ìbéèrè bráúsà wọlé sí sáfà: 60 ni proxy_read_timeout àti fastcgi_read_timeout bí ẹnikẹ́ni ò bá yí wọn padà. Bó bá jẹ́ 300 nínú phpMyAdmin (ojú ìwé tí a fi ń lo MySQL nínú bráúsà), ExecTimeLimit rẹ̀ ni. Ẹ má fura sí max_execution_time ti MySQL bó bá jẹ́ UPDATE (àṣẹ tó ń yí dátà padà) ló kú. SELECT (àṣẹ tó ń ka dátà) nìkan ló ń ká mọ́.

Error 1205 tó máa ń wá ní 50 yàtọ̀ sí gbogbo ìwọ̀nyí. Ẹlòmíì ló di ìlà tí ẹ fẹ́ tún ṣe mú. Ẹlòmíì ọ̀hún sì lè jẹ́ ẹ̀yin fúnra yín! Bí bráúsà bá já, sáfà lè má mọ̀, kó máa bá iṣẹ́ lọ. Ẹ wá tún tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kejì, èkejì wá ń dúró de èkíní. Nítorí náà, ẹ lo SHOW FULL PROCESSLIST, tó ń fi àwọn iṣẹ́ tó ń lọ lọ́wọ́ hàn, kí ẹ tó tún un tẹ̀. Bí ẹ bá rí i níbẹ̀, ẹ lo KILL pẹ̀lú nọ́ńbà rẹ̀, kí ẹ sì mọ̀ pé dídá iṣẹ́ padà (rollback, kí MySQL tú ohun tó ti yí padà) lè pẹ́ ju iye àsìkò tó ti lò lọ. Ẹ má torí ìyẹn pa sáfà kí ẹ tún un tàn: bó bá jí, ibi tó dé ló ti máa bá ìdápadà lọ.

Iṣẹ́ ńlá ò yẹ bráúsà rárá. Ẹ wọ sáfà, ẹ ṣí tmux (ètò tó ń jẹ́ kí iṣẹ́ máa lọ lórí sáfà bí ìsopọ̀ yín bá tilẹ̀ já), kí ẹ tó fi mysql ka fáìlì náà. Bí iná bá lọ lọ́dọ̀ yín, tmux ò mọ̀.

Lẹ́yìn náà, ẹ gé iṣẹ́ náà ní òkèlè òkèlè:

DELETE FROM logs WHERE created_at < '2022-01-01' ORDER BY id LIMIT 5000;

Ẹ jẹ́ kí autocommit (kí MySQL fi àṣẹ kọ̀ọ̀kan pamọ́ ní kété tó bá parí) wà ní títàn, kí ẹ máa tún un ṣe títí ROW_COUNT(), iye ìlà tí àṣẹ náà kàn, fi di 0. Bí created_at ò bá ní index (atọ́ka tí MySQL fi ń tètè rí ìlà), òkèlè kan lè máa ka gbogbo tábìlì já. Fún UPDATE, id ni kí ẹ fi pín in: 1 sí 5000, 5001 sí 10000. Ẹ má lo OFFSET (àṣẹ tó ń fo iye ìlà kan) láti fi mú àwọn id yẹn, torí gbogbo ìlà tó bá fò ló ṣì ń kà. Ẹ kọ id tó kẹ́yìn sínú tábìlì kékeré kan, nínú transaction (àwọn àṣẹ tó jọ yọrí tàbí tó jọ kùnà) kan náà pẹ̀lú UPDATE, kí skíríptì lè mọ ibi tó ti máa bẹ̀rẹ̀ bó bá já. Bí replica (sáfà kejì tó ń ṣe ẹ̀dà dátà yín) bá wà, ẹ fi SLEEP(0.5) sáàárín òkèlè méjì kó lè bá yín.