Kíka Àdírẹ́ẹ̀sì Láti Ẹ̀yìn

Òjò àárọ̀ yìí kò jẹ́ kí ọjà Ìtòkú kún, àǹtí mi tí wọ́n ń ta àdìrẹ níbẹ̀ sì ráyè jókòó ti kọ̀ǹpútà alágbèéká tí ọmọ wọn rà fún wọn, kí n lè fi bí a ṣe ń lo aṣàwákiri hàn wọ́n. Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti ń lo WhatsApp lórí fóònù, ṣùgbọ́n lójú wọn, Google ni gbogbo íntánẹ́ẹ̀tì. Mo ṣàlàyé pé Chrome tí a ṣí ni aṣàwákiri, òun ni ó ń bá wa gbé ojú-ìwé wá. Google jẹ́ ìkànnì kan tí ó ń báni wá àwọn ìkànnì yòókù. Wọ́n béèrè bóyá àwọn Google náà ni ó kọ́kọ́ ṣe aṣàwákiri. Mo ní rárá o, Tim Berners-Lee, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ni ó ṣe ti àkọ́kọ́ ní ọdún 1990 nígbà tí ó ń ṣiṣẹ́ ní CERN, ibùdó ìwádìí sáyẹ́ǹsì kan ní ilẹ̀ Yúróòpù. Ọdún 2008 ni Chrome ṣẹ̀ṣẹ̀ dé.

Ibi tí a pẹ́ sí jù ni àpótí gbọọrọ òkè, níbi tí àdírẹ́ẹ̀sì máa ń hàn. Bí a bá tẹ ọ̀rọ̀ lásán síbẹ̀, aṣàwákiri yóò bá wa wá a kiri. Bí a bá tẹ àdírẹ́ẹ̀sì pípé, tààrà ni yóò gbé wa lọ. Ìyàtọ̀ yìí kì í ṣe kékeré, nítorí ìpolówó ni ó sábà máa ń wà lókè èsì ìwákiri, ẹni tí ó bá ń kánjú sì lè tẹ ìyẹn. Mo ní kí wọ́n tẹ ogunstate.gov.ng, ìkànnì ìjọba ìpínlẹ̀ wa, mo sì fi hàn wọ́n pé láti ẹ̀yìn ni a ti ń ka irú orúkọ bẹ́ẹ̀: .ng ni Nàìjíríà, .gov.ng ni ti ìjọba, lẹ́yìn náà ni a tó mọ ìjọba tí ó jẹ́. Mo wá kọ òmíràn sórí ìwé: ogunstate.gov.ng.example.com. Wọ́n tẹjú mọ́ ọn títí, wọ́n ní, “Àwọn example yìí ló ni ín, kì í ṣe ìjọba.” Inú mi dùn gan-an. Àmì àgádágodo tí àwọn aṣàwákiri kan máa ń fi sí ẹ̀gbẹ́ àdírẹ́ẹ̀sì kò lè sọ èyí fún ẹnikẹ́ni, nítorí ohun tí ó ń sọ kò ju pé ẹni tí ó wà láàrin ọ̀nà kò lè ka ohun tí a fi ránṣẹ́. Gbájúẹ̀ náà lè ní in.

Ti táàbù, ìyẹn àwọn ojú-ìwé tí a ṣí pọ̀ sínú fèrèsé kan náà, kò gba àkókò. Wọ́n ṣèèṣì ti ojú-ìwé tí wọ́n ti ń wo iye owó aró pa, àyà wọn já, mo ní kí wọ́n tẹ Ctrl, Shift àti T pọ̀, ó sì padà wá. Wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ tún un tì kí wọ́n lè tún ṣe é.

Wọ́n ti gbọ́ nípa fèrèsé ìkọ̀kọ̀ lẹ́nu àwọn ọmọṣẹ́ wọn, àfi bíi pé àféèrí ni. Kò rí bẹ́ẹ̀. Aṣàwákiri kò ní kọ ibi tí a lọ sínú ìtàn rẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ilé-iṣẹ́ tí ó ń ta dátà fún wa ṣì lè mọ ìkànnì tí a yà sí, fáìlì tí a bá sì gbà sílẹ̀ ṣì wà lórí ẹ̀rọ.

Nígbà tí aṣàwákiri béèrè bóyá kí ó bá wọn fi ọ̀rọ̀ aṣínà í-meèlì wọn pamọ́, wọ́n kọ̀ jálẹ̀, nítorí àwọn ọmọṣẹ́ a máa lo kọ̀ǹpútà yìí. Mo gbà pẹ̀lú wọn, bí nǹkan ṣe rí báyìí. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ní àkáǹtì tiwọn lọ́tọ̀ lórí ẹ̀rọ náà, mo máa fẹ́ kí wọ́n gbà á láyè, nítorí ọ̀rọ̀ aṣínà tí a fi pamọ́ fún ìkànnì kan, aṣàwákiri kì í fúnra rẹ̀ gbé e sílẹ̀ níbi tí àdírẹ́ẹ̀sì bá ti yàtọ̀, bó ti wù kí ojú-ìwé náà jọ ti gidi tó. Àkáǹtì yẹn ni a ó ṣí lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀.